Ìbéèrè tí a bi Kamẹrúùn Gúúsù: Ọ̀rọ̀ lórí Ìdàpọ̀ àti Ìjọba Ara-Ẹni láàárín Orílẹ̀-èdè Aládùúgbò



Sítáǹbù kan ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní ayé ìgbà náà, a sì máa kó sítáǹbù jọ sínú ìwé ńlá kan tí kò sí ọmọ tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Nínú ìwé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí sítáǹbù Nàìjíríà kan tí a tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn lé lórí: CAMEROONS U.K.T.T. Mo bi bàbá mi pé kí ni ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́rin ìkẹ́yìn yẹn. Ó ní ilẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sí ìkáwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tọ́ka sí. Mo tún bi í pé, ṣé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti Nàìjíríà ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tiwa ni, títí di àná.”

Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, 1960, ni sítáǹbù náà jáde. Ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira ni ọjọ́ yẹn. Òun náà sì ni ọjọ́ tí a ya Kamẹrúùn tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nípa kúrò lára Nàìjíríà, láìtíì so ó mọ́ ibòmíràn. Fún ọdún kan gbáko ni apá gúúsù ilẹ̀ náà fi wà bí ọmọ tí a ti gbà lọ́wọ́ alágbàtọ́ kan, tí a kò sì tíì fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ṣáájú ọdún yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo yàn án nítorí pé aládùúgbò wa ni, àti nítorí pé n kò mọ àpẹẹrẹ mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó fi hàn kedere tó o bí ìdàpọ̀ ṣe lè gbé ìjọba ara-ẹni mì, tí àwọn tí ó dìbò fún ìdàpọ̀ náà kò sì ní í mọ ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀.

Bí ilẹ̀ náà ṣe pín sí méjì kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. Ní oṣù keje, 1884, àwọn ọba Duala tọwọ́ bọ̀wé, Gustav Nachtigal sì kéde pé ilẹ̀ náà di ti Jámánì. Hewett, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, dé ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bá ọjà nígbà tí ó ti tú. Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jámánì. Faransé mú nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì mú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fara ti ààlà Nàìjíríà. Ní 1922, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpín náà.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, 1889, ni ó fi Kétu sí ọ̀dọ̀ Faransé tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ, ọmọ ìyá rẹ̀, sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ará Kétu kan tí wọ́n bi léèrè. Àwọn ará Kamẹrúùn Gúúsù ní tiwọn, wọ́n bi wọ́n, ìwé sì wà tí ó jẹ́rìí sí i. Bí a ṣe bi wọ́n ni ìṣòro.

Gẹ̀ẹ́sì kò dá ìjọba kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó so apá àríwá mọ́ Àríwá Nàìjíríà, ó so apá gúúsù mọ́ Gúúsù, nígbà tí ó sì yá, ó so ó mọ́ Ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Enugu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìdàpọ̀ náà ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ ìṣèlú tó, ẹ rántí orúkọ ẹgbẹ́ NCNC tí a dá sílẹ̀ ní 1944: C ìkẹ́yìn orúkọ náà, Kamẹrúùn ni ó dúró fún. Nígbà tí Kamẹrúùn lọ tán ni ẹgbẹ́ náà wá ìtumọ̀ mìíràn fún lẹ́tà náà, kí wọ́n má baà pààrọ̀ orúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a so mọ́ ilé ńlá ni ó mọ ibi tí okùn ti ń dùn ún. Àwọn aṣojú Kamẹrúùn tí wọ́n wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Enugu kéré níye. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ìlà-Oòrùn wá tẹ̀dó sí Victoria, Tiko àti Kumba, níbi tí àwọn oko ńlá tí Jámánì fi sílẹ̀ wà. Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Àwọn tí wọ́n wá kò ṣe ju ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe níbi tí ọ̀nà bá ti ṣí. Bí àwa Yorùbá ti ṣe ní Kano àti ní Gold Coast náà nìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tí ó kéré a máa ka iye ẹni tí ó wọlé, ẹni tí ó pọ̀ kì í kà. Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ NCNC ní Enugu ní 1953, Dókítà E. M. L. Endeley àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣojú Kamẹrúùn sọ pé àwọn kò sí lẹ́yìn ìhà kankan, ilé tiwọn ni àwọn ń fẹ́. Ní 1954 wọ́n rí i gbà: Ilé Ìgbìmọ̀ tiwọn dúró ní Buea. Ní 1957 ni Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni. Ní 1958 Kamẹrúùn Gúúsù náà di ìpínlẹ̀ pípé, Endeley sì di Olórí Ìjọba rẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Ọba náà tẹ̀ lé e. Nínú ìdìbò oṣù kìíní, 1959, John Ngu Foncha ti ẹgbẹ́ KNDP fi ìjókòó 14 borí 12, Endeley sì gbé àga sílẹ̀ fún un láìsí ìjà. N kò rò pé a ti yin àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn tó fún èyí.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ní nígbà náà. Wọ́n ní ilé aṣòfin, wọ́n ní ilé ọba, wọ́n ní ilé-ẹjọ́ tí ó ń tẹ̀ lé òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba sì ń ti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ kejì nípasẹ̀ ìbò. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ní ni owó. Sir Sydney Phillipson, tí Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó yẹ àpò wọn wò, kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ní 1959 pé bí wọ́n bá dá dúró, agbára wọn kò ní lè gbé e. Ìròyìn yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi dá gbogbo ẹni tí ó bá dárúkọ òmìnira lóhùn.

Báyìí ni a dé ibi ìbéèrè náà. Nígbà tí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ náà péjọ sí Mamfe ní oṣù kẹjọ, 1959, wọn kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò bi àwọn ènìyàn wọn. Ẹgbẹ́ Endeley ń fẹ́ Nàìjíríà. Foncha ń fẹ́ kí wọ́n kúrò lára Nàìjíríà ná, kí wọ́n sì dúró díẹ̀ sí i lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kí wọ́n tó pinnu. Àwọn kan ń fẹ́ kí ilẹ̀ Jámánì àtijọ́ tún di ọ̀kan. Àwọn mìíràn kò fẹ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Àjọ náà ní New York gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì pàṣẹ ní oṣù kẹwàá ọdún náà pé ìbéèrè méjì péré ni a ó bi wọ́n: ṣé ẹ fẹ́ gba òmìnira nípa dídapọ̀ mọ́ Nàìjíríà, tàbí nípa dídapọ̀ mọ́ Kamẹrúùn ti Faransé? Kò sí ìkẹta. Ẹni tí kò bá fẹ́ méjèèjì, ilé rẹ̀ ni kí ó jókòó sí.

Nínú kíláàsì mi, mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí a yan ohun tí a fẹ́ àti kí a yan èyí tí a kò kórìíra tó èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa rò pé ọ̀rọ̀ àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn rárá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, 1961, ènìyàn 233,571 dìbò fún Kamẹrúùn, 97,741 sì dìbò fún Nàìjíríà. Ìdá méje nínú mẹ́wàá nìyẹn. Ẹni tí ó bá ka iye yìí láìmọ ìtàn yóò ní ìfẹ́ Yaoundé ni ó pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Kamẹrúùn ti Faransé ní ọdún náà, àwọn tí ń sá fún un sì ń wọ ọ̀dọ̀ wọn lójoojúmọ́. Ní èrò tèmi, ọ̀pọ̀ nínú ìbò yẹn ni wọ́n fi kọ Enugu sílẹ̀. Kò sí àpótí mìíràn tí wọn ìbá fi í sí.

Apá àríwá dìbò lọ́tọ̀. Ní oṣù kọkànlá, 1959, a ti kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wọ Nàìjíríà, ènìyàn 70,546 ní kí a fi ìpinnu náà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, 42,788 sì ní àwọn fẹ́ Nàìjíríà. Ní 1961 ọ̀rọ̀ yí padà: 146,296 fún Nàìjíríà, 97,659 fún Kamẹrúùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, 1961, Mubi, Gwoza, òkè Mambilla àti àwọn ìlú yòókù wọ Àríwá Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn lábẹ́ orúkọ Ẹkùn Sardauna. Yaoundé sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ọ̀fọ̀, ó sì gbé Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá, 1963, ilé-ẹjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ ti kọjá, ìdájọ́ kò lè yí ohunkóhun padà mọ́. Bí a bá ṣírò gbogbo ìbò gúúsù àti àríwá pọ̀, Kamẹrúùn ni ó borí. Ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbé ilẹ̀ náà kalẹ̀ lápá méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ṣe kà á.

Mo wá dé Foumban, níbi tí mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀. Ìlú ọba àwọn Bamum ni Foumban. Ibẹ̀ ni Ààrẹ Ahmadou Ahidjo pe Foncha, Endeley, àwọn ọba àti àwọn aṣojú Kamẹrúùn Gúúsù sí, láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 21 oṣù keje, 1961, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí orílẹ̀-èdè tuntun náà yóò ṣe rí. Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ náà. Oṣù márùn-ún ti kọjá lẹ́yìn ìbò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé méjèèjì a jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìdána kí ìyàwó tó ru ẹrù rẹ̀. Níhìn-ín, ìyàwó ti wọlé, ó ti tú ẹrù, kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó béèrè pé èwo ni yàrá rẹ̀. Àwọn aṣojú náà ti ṣe ìpàdé ní Bamenda ní oṣù kẹfà, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé ìjọba àpapọ̀ tí kò ní lágbára púpọ̀ ni àwọn ń fẹ́, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Foumban, ìwé òfin tí Ahidjo ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n bá. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe nínú rẹ̀. Ilé aṣòfin Kamẹrúùn ti Faransé, tí ó ti jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní, 1960, ni ó sọ ọ́ di òfin gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe sí ìwé òfin tirẹ̀, Ahidjo sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án. Ìgbà tí ó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, 1961, orílẹ̀-èdè àpapọ̀ ti dé: Kamẹrúùn Ìlà-Oòrùn àti Kamẹrúùn Ìwọ̀-Oòrùn.

Mi ò ní dá Foncha lẹ́bi bí àwọn kan ṣe ń dá a lẹ́bi. Kí ni ó mú lọ sí Foumban tí ó lè fi dúnàádúrà? Ìbò ti parí. Gẹ̀ẹ́sì ti ń di ẹrù rẹ̀. Nàìjíríà kò ṣeé padà sí mọ́. Ẹni tí ó bá ti sọ pé òun gbà kí ó tó béèrè iye, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà.

Lórí ìwé, ìjọba ara-ẹni kò parẹ́. Kamẹrúùn Ìwọ̀-Oòrùn ní Olórí Ìjọba tirẹ̀, ilé aṣòfin tirẹ̀, ilé ọba tirẹ̀. Foncha sì tún jẹ́ Igbákejì Ààrẹ. Nínú ilé aṣòfin àpapọ̀, ìjókòó 10 nínú 50 jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n owó ibodè, tí ó jẹ́ orísun owó pàtàkì fún wọn, di ti ìjọba àpapọ̀, láti ìgbà náà ni Buea sì ti ń wo ọwọ́ Yaoundé fún owó ìrànlọ́wọ́. Ní oṣù kejìlá, 1961, kí ìdàpọ̀ náà tó pé oṣù mẹ́ta, Ahidjo pàṣẹ pé a pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí ẹkùn mẹ́fà, kí alábòójútó kan tí òun fúnra rẹ̀ yàn wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo Kamẹrúùn Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ ẹkùn kan ṣoṣo. Ó wá di pé Buea ní Olórí Ìjọba tí àwọn ènìyàn dìbò yàn, ó sì tún ní alábòójútó tí ó ń jíhìn fún Ààrẹ, tí àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ sì ń gbọ́ tirẹ̀. Ta ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì? Àwọn ará Buea kò pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Ní 1962, owó pọ́n-ùn kógbá wọlé, owó CFA rọ́pò rẹ̀. Ní 1966, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú di ẹyọ kan. Ìjọba tí ẹgbẹ́ kan fi ń gbé àga sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì di ìtàn.

Ìwé òfin Foumban ní abala kan, ìkẹtàdínláàádọ́ta, tí àwọn aṣojú gúúsù gbọ́kàn lé. Ó ní a kò gbọdọ̀ mú àbá kankan wá tí yóò ba ìṣọ̀kan àti pípé ìjọba àpapọ̀ náà jẹ́, àti pé àtúnṣe èyíkéyìí gbọ́dọ̀ rí ìtẹ́wọ́gbà ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, 1972, Ahidjo sọ fún ilé aṣòfin pé òun fẹ́ bi gbogbo ará ìlú léèrè. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20, a dìbò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìjọba kéde pé ó lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó gbà pé kí ìjọba àpapọ̀ parẹ́, kí ó di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Kò sí ibi tí a ti ka ìbò ìwọ̀-oòrùn lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ tí ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Àwọn ilé méjèèjì ní Buea ti ilẹ̀kùn. Ìpínlẹ̀ náà di ẹkùn méjì, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1984, Ààrẹ Paul Biya tún dá orúkọ padà sí èyí tí Kamẹrúùn ti Faransé ń jẹ́ ní 1960, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹnìkan lè sọ pé ìbá sàn fún wọn bí wọ́n bá dúró lọ́dọ̀ wa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ pàápàá. Kò dá mi lójú. Ní oṣù karùn-ún, 1966, àwọn ológun tiwa náà fi òfin kan ṣoṣo pa àwọn ìpínlẹ̀ rẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò pẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn gan-an, ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Ahidjo ti ibodè rẹ̀ mọ́ Biafra nígbà ogun náà, ó dúró ti Èkó. Mo gbà gbọ́ pé ohun tí ó rí níbẹ̀ wà lára ohun tí ó mú un pa ìjọba àpapọ̀ tirẹ̀ rẹ́ ní 1972. Ogun Nàìjíríà tipa bẹ́ẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ fún Yaoundé, Buea sì ni ó san owó ilé-ìwé náà.

Àwa náà kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, 1975, Ọ̀gágun Yakubu Gowon bá Ahidjo tọwọ́ bọ̀wé ààlà orí omi ní Maroua. Kò pé oṣù méjì tí a fi gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ sì ní ìwé náà kò de àwọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Bakassi dé Hague, ilé-ẹjọ́ náà ní ó dè wá, ó sì tún gbé àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti 1913 kalẹ̀. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, 2002. Ní oṣù kẹjọ, 2008, a parí fífà á lé wọn lọ́wọ́. Àwọn apẹja tí wọ́n pe ara wọn ní ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé jí ní ọjọ́ kan, wọ́n bá ara wọn ní ìlú òkèèrè láìgbé ẹsẹ̀.

Foncha fúnra rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ń ṣèjọba ní 1990. Ní 1995, òun àti Solomon Tandeng Muna, tí ó ti jẹ́ Olórí Ìjọba Kamẹrúùn Ìwọ̀-Oòrùn rí, lọ sí New York láti bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ìdàpọ̀ náà dà. Arúgbó ni àwọn méjèèjì nígbà náà. Mo máa ń ronú nípa ìrìn-àjò yẹn: ẹni tí ó ti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n dìbò fún Kamẹrúùn, tí ó padà lọ sí ilé tí a ti gbé ìbéèrè náà jáde. Foncha kú ní 1999.

Ìyókù kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní oṣù kẹwàá, 2016, àwọn lọ́yà ní Bamenda àti Buea daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń fi àwọn adájọ́ tí a fi òfin Faransé kọ́ ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́ wọn. Àwọn olùkọ́ tẹ̀ lé wọn ní oṣù kọkànlá. Ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì ẹkùn méjèèjì fún oṣù mẹ́ta ní 2017. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn kan kéde orílẹ̀-èdè tuntun tí wọ́n ń pè ní Ambazonia, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ tí ó ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, láti ọwọ́ ọmọ ogun ìjọba àti láti ọwọ́ àwọn tí ń bá a jà. Wọ́n mú olórí àwọn tí ó kéde náà ní Abuja ní 2018, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Yaoundé. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ wa ní Abuja ní ohun tí ìjọba ṣe yẹn lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n gbére ti wà lọ́nà fún un ní Yaoundé, ó sì bọ́ sí i lórí kí ọdún náà tó parí. Ní oṣù kejìlá, 2019, Yaoundé ṣe òfin tí ó fún ẹkùn méjèèjì ní ipò àkànṣe, ó sì dá ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọba padà fún wọn, èyí tí a tì pa ní 1972.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ti sá kọjá sí ìhà tiwa, sí Cross River, Benue àti Taraba. Ní Adagom, nítòsí Ogoja, ibùdó kan wà tí a kọ́ fún wọn. Ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n dìbò ní 1961 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń gba oúnjẹ lórí ìwé tí ó pè wọ́n ní àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè, ní ilẹ̀ tí bàbá bàbá wọn máa ń fi sítáǹbù rẹ̀ ránṣẹ́ sílé.